Ṣé Mùsùlùmí lè fi fóònù ra ìpín iléeṣẹ́ l'Abidjan láì jẹ èlé?

Ní BRVM, ọjà ìpín ìdókòòwò tó wà ní Plateau, Abidjan, Solibra tó ń pọn bíà àti Sitab tó ń ṣe sìgá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sonatel tó ń ta ìpè fóònù àti Palmci tó ń ṣe epo pupa. Láti ọdún 1998 ni ọjà náà ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná CFA. Benin àti Togo wà nínú wọn. Áàpù àwọn alágbàtà sì ti gbé e dé orí fóònù.

Fún Mùsùlùmí tó ń ṣòwò níbẹ̀, bíi ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, áàpù kọ́ ni ìṣòro. Ohun tó fẹ́ rà àti owó tó fẹ́ fi rà á ni.

Ọtí, sìgá, tẹ́tẹ́ àti báńkì elélé kò sí níbẹ̀ rárá. Ibi tó ti le ni iléeṣẹ́ tí òwò rẹ̀ mọ́, àmọ́ tó yá owó elélé. AAOIFI, àjọ tó ń gbé ìlànà ìṣúná Ìsìláàmù kalẹ̀ láti Bahrain, ní irú gbèsè bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí gbogbo ìpín iléeṣẹ́ náà tó lọ́jà. Owó tó wọlé lọ́nà àìtọ́ kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 5. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gba ti èlé kankan, bó ti wù kó kéré tó. Inú ìwé ìṣirò owó ọdọọdún, lédè Faransé, ni èèyàn ti máa rí gbogbo èyí. Ẹni tí kò bá lè kà á, kó wá ẹni tó lè kà á kó tó sanwó.

Ká ní èrè 20,000 CFA wọlé, tí ìdá 3 nínú owó iléeṣẹ́ náà sì jẹ́ èlé, 600 CFA gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ aláìní. Kì í ṣe sàárà o. Kò sí láádá kankan nínú ẹ̀.

Èyí tó léwu jù ni áàpù ilẹ̀ òkèèrè tó ń polówó "àkáǹtì Ìsìláàmù". Lóòótọ́, wọn kì í gba èlé lórí owó tó bá sùn mọ́jú. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, oníbàárà kò ra ìpín kankan; ó kàn ń sọ tẹ́lẹ̀ pé iye owó máa lọ sókè tàbí sílẹ̀ ni, pẹ̀lú owó tí áàpù yá a. Ẹni tó ní 100,000 CFA lè máa ná ọjà 1,000,000. Bí iye náà bá já wálẹ̀ ní ìdá 10 péré, owó rẹ̀ ti tán. Ìyẹn ti bá tẹ́tẹ́ tan.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ sí ìpín iléeṣẹ́ lè wo sukuk, ìwé ìdókòòwò tí èrè rẹ̀ ń wá láti ara dúkìá tí wọ́n fi háyà, tí kì í ṣe èlé orí owó. Senegal ta ti bílíọ̀nù 100 CFA lọ́dún 2014, Côte d'Ivoire ta ti bílíọ̀nù 150 lọ́dún 2015. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ṣáájú wọn: ọdún 2013 ló ta ti bílíọ̀nù 10 náírà láti fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́.