Ìpààrọ̀ fèrèsé ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìpààrọ̀ fèrèsé ilé ni iṣẹ́ yíyọ fèrèsé àtijọ́, pẹ̀lú férémù àti gíláàsì rẹ̀, kúrò lára ògiri, kí a sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òtútù ti ń mú fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, iṣẹ́ yìí wà lára àwọn àtúnṣe tí ó máa ń gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ onílé. Òfin ilé kíkọ́ ni ó ń darí rẹ̀, ìwé-ẹ̀rí sì wà tí onílé gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí fèrèsé ṣe ń pa ooru mọ́, ohun tí òfin béèrè, ohun tí ó para pọ̀ di iye owó iṣẹ́, àti bí a ṣe ń yan oníṣẹ́. Scotland àti Northern Ireland ní òfin ilé kíkọ́ tiwọn.

Ìtàn ní ṣókí

Láti ọdún 1696 títí di ọdún 1851, ìjọba ń gba owó-orí lórí iye fèrèsé tí ó wà lára ilé. Nítorí èyí, àwọn onílé kan fi bíríkì dí díẹ̀ nínú fèrèsé wọn kí owó-orí wọn lè dínkù, a sì ń rí irú fèrèsé dídí bẹ́ẹ̀ lára àwọn ilé àtijọ́ títí di òní.

Ní ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ Pilkington ti ìlú St Helens kéde ọ̀nà tuntun tí Alastair Pilkington ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀nà yìí, wọ́n ń da gíláàsì yíyọ́ sórí tánńganran yíyọ́, kí ó lè tẹ́jú dáadáa láìjẹ́ pé wọ́n tún ń há a. Ọ̀nà náà mú kí gíláàsì títẹ́jú tí ó dára wà lọ́pọ̀ yanturu. Lẹ́yìn náà ni fèrèsé onígíláàsì méjì tàn káàkiri ilé àwọn ará ìlú. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 2002, òfin ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìpààrọ̀ fèrèsé pẹ̀lú.

Bí fèrèsé ṣe ń pa ooru mọ́

Ooru inú yàrá máa ń gba ara gíláàsì àti férémù jáde lọ síta. Òǹkà tí a fi ń wọn bí ó ṣe ń yára jáde tó ni a ń pè ní U. Ó ń sọ iye wáàtì tí ó ń gba inú mítà onígun mẹ́rin kan kọjá, fún dígírì kọ̀ọ̀kan tí ooru inú ilé fi ju ti ìta lọ. Bí òǹkà yìí bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni fèrèsé náà ṣe ń pa ooru mọ́ tó.

Fèrèsé onígíláàsì kan ṣoṣo máa ń ní òǹkà U tí ó tó bí 5. Onígíláàsì méjì ti àtijọ́ lè ní bí 2.8, ti òde òní sì lè ní 1.4 tàbí kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàfo tí ó wà láàárín gíláàsì méjèèjì sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 16 sí 20. Wọ́n ń fi gáàsì argon kún un, wọ́n sì ń fi ìpele irin tínrín tí ojú kò lè rí pa ara gíláàsì kan, kí ó lè dá ooru padà sínú yàrá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo fèrèsé rẹ̀ lápapọ̀ fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 15. Inú ilé jẹ́ dígírì 20, ìta sì jẹ́ dígírì 5, nítorí náà ìyàtọ̀ jẹ́ dígírì 15.

• Bí òǹkà U bá jẹ́ 5, ooru tí ń jáde jẹ́ wáàtì 1,125.
• Bí ó bá jẹ́ 2.8, ó jẹ́ wáàtì 630.
• Bí ó bá jẹ́ 1.4, ó jẹ́ wáàtì 315.

Ẹni tí ó kúrò lórí gíláàsì kan bọ́ sórí gíláàsì méjì ti òde òní yóò dín wáàtì 810 kù. Ẹni tí ó ti ní gíláàsì méjì àtijọ́ tẹ́lẹ̀ yóò dín 315 péré kù, bẹ́ẹ̀ sì ni iye kan náà ni àwọn méjèèjì yóò san fún fèrèsé tuntun. Láàárín wákàtí mẹ́wàá, àǹfààní ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ kílówáàtì-wákàtí 8.1, ti ẹnì kejì jẹ́ 3.15. Bí onílé bá fi iye tí ó ń san fún kílówáàtì-wákàtí kan sọ èyí di púpọ̀, yóò rí i pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni owó iná tí ó dínkù lè tètè dá owó fèrèsé padà fún.

Ṣé ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀ rárá?

Ibi tí omi bá ti hàn lára fèrèsé ni ó ń sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀.

• Bí omi bá hàn bí ìkùukùu láàárín gíláàsì méjèèjì, ìdè etí gíláàsì ti jò. Bí férémù bá ṣì le, gíláàsì nìkan ni a lè pààrọ̀, iye rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti odindi fèrèsé.
• Bí ó bá wà lójú gíláàsì nínú yàrá, ọ̀rinrin ló pọ̀ nínú ilé, láti ara oúnjẹ sísè, ìwẹ̀ àti aṣọ tí a ń sá sínú ilé. Bí afẹ́fẹ́ kò bá rí ọ̀nà jáde, fèrèsé tuntun nìkan kò lè wo àìsàn yìí sàn, èbu sì lè hù lára ògiri.
• Bí ó bá wà lójú gíláàsì níta ní òwúrọ̀, gíláàsì náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni. Ooru inú ilé kò jáde tó láti mú ojú rẹ̀ gbóná.

Ohun èlò férémù

Ike líle tí wọ́n ń pè ní uPVC ni ó wọ́pọ̀ jù lọ. Owó rẹ̀ kéré sí ti àwọn yòókù, kò sì nílò ọ̀dà. Férémù aluminíọ̀mù tínrín, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n irin máa ń gbé ooru kọjá. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ ní ike tí ó pín inú rẹ̀ níyà sí ìta. Férémù igi lẹ́wà, a sì lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó nílò ọ̀dà láti ìgbà dé ìgbà. Òun ni àwọn aláṣẹ sábà máa ń béèrè fún lára ilé àtijọ́.

Ohun tí òfin béèrè

Láti oṣù kẹfà ọdún 2022, fèrèsé tí a fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ nínú ilé gbígbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ní òǹkà U tí kò ju 1.4 lọ, tàbí kí ó wà ní ìpele B ó kéré tán nínú ìdíwọ̀n agbára fèrèsé. Òfin náà tún kan àwọn nǹkan wọ̀nyí:

• Afẹ́fẹ́. Bí fèrèsé àtijọ́ bá ní ihò afẹ́fẹ́ tóóró lókè, tuntun náà gbọ́dọ̀ ní i. Bí kò bá ní i, tí fèrèsé tuntun yóò sì mú kí ilé há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn tí afẹ́fẹ́ yóò fi máa wọlé.
• Àbáyọ nígbà iná. Fèrèsé tí ènìyàn lè gbà sá jáde gbọ́dọ̀ ní àlàfo tí ó tó mítà onígun mẹ́rin 0.33. Gíga àti fífẹ̀ àlàfo náà kò gbọdọ̀ dín sí mìlímítà 450, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ga ju mìlímítà 1,100 lọ láti ilẹ̀ yàrá. A kò gbọdọ̀ fi fèrèsé tí kì í ṣí rọ́pò èyí tí àwọn ará ilé lè gbà sá fún iná.
• Gíláàsì ààbò. Gíláàsì fèrèsé tí ó wà nísàlẹ̀ mìlímítà 800 láti ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí kì í fọ́ sí ègé mímú. Fún ilẹ̀kùn, ìwọ̀n náà jẹ́ mìlímítà 1,500.

Ilé àjogúnbá tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba nílò ìyọ̀ǹda pàtàkì kí a tó fọwọ́ kan fèrèsé rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni láti ṣe é láìgba àṣẹ. Ní àwọn àdúgbò tí ìjọba ń dáàbò bo ìrísí wọn, ó yẹ kí onílé béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kí ó tó ná kọ́bọ̀.

Ohun tí ó para pọ̀ di iye owó

Fèrèsé méjì tí ó tóbi bákan náà lè yàtọ̀ síra púpọ̀ ní iye. Ohun àkọ́kọ́ tí ń mú un yàtọ̀ ni ohun èlò férémù àti irú gíláàsì. Èkejì ni iye apá tí ó ń ṣí, nítorí apá tí kì í ṣí kò nílò ìdè àti àgádágodo. Ẹ̀kẹta ni ibi tí fèrèsé wà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè béèrè pẹpẹ irin tí òṣìṣẹ́ yóò dúró lé, fèrèsé tí ó yọ síta lára ògiri sì lè jẹ́ èyí tí ó ń gbé ẹrù ilé, tí a kò gbọdọ̀ yọ láìfi òpó gbé òkè rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni kíkó fèrèsé àtijọ́ lọ, rírẹ́ ògiri inú ilé, ìwé-ẹ̀rí àti owó-orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT.

VAT jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìjọba ti mú un kúrò lórí àwọn ohun kan tí ń dín ìnáwó agbára kù nínú ilé, ṣùgbọ́n fèrèsé kò sí lára wọn. Oníṣẹ́ kékeré tí kò forúkọ sílẹ̀ fún VAT kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, iye tí a kọ sísàlẹ̀ ìwé nìkan kò tó láti fi oníṣẹ́ wé ara wọn. Ká ní oníṣẹ́ kan béèrè £6,000, tí kò ka VAT àti pẹpẹ irin mọ́ ọn. VAT yóò fi £1,200 kún un. Bí pẹpẹ bá jẹ́ £600, àpapọ̀ rẹ̀ di £7,800. Bí oníṣẹ́ kejì bá béèrè £7,300 fún ohun gbogbo, òun ni ó fi £500 dínwó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó dà bí ọ̀wọ́n lójú.

Yíyan oníṣẹ́

Ó dára kí onílé gba ìwé ìdíyelé lọ́wọ́ oníṣẹ́ mẹ́ta, kí ìwé kọ̀ọ̀kan sì dárúkọ ohun èlò, òǹkà U tàbí ìpele agbára, iye apá tí ó ń ṣí, àti ẹni tí yóò tún ògiri ṣe. Oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wá wọn àlàfo kí ó tó ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́. Bí onílé bá wọ̀n ọ́n fún un, tí fèrèsé kò sì wọ ojú ihò, orí onílé ni àṣìṣe náà lè wá jókòó sí.

Ẹgbẹ́ FENSA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, àti CERTASS wà lára àwọn tí ìjọba fún láṣẹ pé kí oníṣẹ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn máa jẹ́rìí iṣẹ́ ara rẹ̀. Onílé lè wá orúkọ oníṣẹ́ nínú àkọsílẹ̀ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmì ẹgbẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá lo oníṣẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí ṣáájú, kí ó sì san owó àyẹ̀wò.

Àwọn olùtajà kan máa ń sọ pé iye tí àwọn dá yóò yí padà bí onílé kò bá buwọ́ lùwé lálẹ́ ọjọ́ náà. Iye tí ènìyàn lè gé sí ìdajì láàárín wákàtí kan kì í ṣe iye tí iṣẹ́ náà tó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àdéhùn àti owó sísan

Òfin ọdún 2013 lórí àdéhùn oníbàárà fún ẹni tí ó buwọ́ lùwé nílé ara rẹ̀ ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ ọjà tí a fi ìwọ̀n ẹni ṣe sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ fèrèsé. Ó yẹ kí onílé wo inú ìwé àdéhùn bóyá oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ fún un ní irú àǹfààní yìí.

Àsansílẹ̀ ni ibi tí ewu pọ̀ sí, nítorí ilé-iṣẹ́ lè kógbá wọlé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ apá 75 òfin àwìn oníbàárà ti 1974, bí onílé bá fi káàdì àwìn san lára owó ohun tí iye rẹ̀ ju £100 lọ tí kò sì ju £30,000, ilé-ìfowópamọ́ tí ó fún un ní káàdì náà jọ ru ẹrù ẹ̀bi pẹ̀lú oníṣẹ́. Bákan náà, ìwé ìdánilójú ọdún mẹ́wàá di ìwé lásán bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá kógbá wọlé, àfi bí adójútòfò bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dára kí a má san owó tí ó kù tán títí a ó fi ṣí fèrèsé kọ̀ọ̀kan, tí a ó sì pa á dé.

Ìwé-ẹ̀rí lẹ́yìn iṣẹ́

Nígbà tí onílé bá fẹ́ ta ilé rẹ̀, agbẹjọ́rò ẹni tí ó fẹ́ rà á yóò béèrè ìwé-ẹ̀rí gbogbo fèrèsé tí a pààrọ̀ láti oṣù kẹrin 2002. Bí kò bá sí, onílé lè ní kí ìjọba ìbílẹ̀ wá yẹ iṣẹ́ náà wò lẹ́yìn tí ó ti parí, tàbí kí ó ra adójútòfò fún ẹni tí ń ra ilé. Ọ̀nà méjèèjì ń náni lówó, wọ́n sì lè fa títà ilé sẹ́yìn.

Fúláàtì àti ilé ìjọba

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní London, ní àdúgbò bíi Peckham àti Thamesmead, ń gbé inú fúláàtì. Ayálégbé kò ní ẹ̀tọ́ láti pààrọ̀ fèrèsé fúnra rẹ̀; onílé tàbí ìjọba ìbílẹ̀ ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Ẹni tí ó ra fúláàtì fún iye ọdún kan pàtó gbọ́dọ̀ ka ìwé àdéhùn rẹ̀, nítorí ó lè sọ pé ti onílẹ̀ ni férémù. Bí onílẹ̀ bá fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé gbogbo ilé náà, tí ìpín ẹnì kan nínú ìnáwó yóò ju £250 lọ, apá 20 òfin onílé àti ayálégbé ti 1985 pàṣẹ pé kí ó kọ́kọ́ kàn sí àwọn olùgbé, kí ó sì gbọ́ èrò wọn. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, £250 péré ni ó lè gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, àfi bí ilé-ẹjọ́ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà bá yọ̀ǹda fún un. Nítorí náà, lẹ́tà tí ó bá ti ọ̀dọ̀ onílẹ̀ wá lórí ọ̀rọ̀ fèrèsé kì í ṣe èyí tí a ń jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Inú rẹ̀ ni ọjọ́ tí a lè fi èsì ránṣẹ́ dà máa ń wà.