Sáyẹ́nsì fún ọmọ mẹ́ta nínú ilé kan

Ọmọ ọdún márùn-ún, ọmọ ọdún mẹ́jọ àti ọmọ ọdún mọ́kànlá kò lè ka ìwé kan náà, àmọ́ wọ́n lè jókòó yí abọ́ kan náà ká. Ohun tó yẹ kí òbí tó fẹ́ kọ́ ọmọ ní sáyẹ́nsì nílé fi sọ́kàn nìyẹn kó tó náwó. Ọ̀pọ̀ òbí a máa ra ìwé mẹ́ta fún ọmọ mẹ́ta. Owó á lọ, ìyá á sì máa ti ọ̀dọ̀ ọmọ kan sáré lọ sọ́dọ̀ èkejì títí agara á fi dá a. Èlò tó yẹ ká náwó lé ni èyí tí àbúrò lè fi ọwọ́ rò, tí ọmọ àárín lè fi dán nǹkan wò, tí ẹ̀gbọ́n sì lè fi wádìí ìdí abájọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò kan ẹni tó yàn láti kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé nìkan. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé pa ní oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, gbogbo òbí ló di tíṣà lọ́sàn-án kan òru kan.

Ẹ jẹ́ ká gba ọjà Ìkàrẹ́ nílẹ̀ Àkókó kọjá. Ẹni tó bá ra ìsápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe sóbò, tó ra káún díẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ mélòó kan, ti ní ohun tí á fi kọ́ ọmọ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ rẹ ìsápá náà sínú omi gbígbóná títí omi á fi pọ́n dáadáa, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá bù ú sínú ife mẹ́rin tí ojú ń rí inú rẹ̀. Ẹ má fi ṣúgà sí i. Ẹ fi ife kìíní sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun ni a ó máa fi wé àwọn yòókù. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìkejì, pupa rẹ̀ á tún mọ́ sí i. Ẹ po káún mọ́ omi, kí ẹ máa kán an sí ìkẹta díẹ̀díẹ̀: pupa yẹn á kọ́kọ́ ṣú di àwọ̀ àlùkò, lẹ́yìn náà á di àwọ̀ ewé. Ẹ bu omi ọṣẹ sí ìkẹrin. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ gbé ife tó ti di àwọ̀ ewé sínú abọ́ ńlá, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Á ru gùdù, á hó, pupa rẹ̀ á sì tún padà wá. Àwọn ọmọ á pariwo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo.

Iṣẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún ni kó rò ó pọ̀, kó pe orúkọ àwọ̀, kó sọ èyí tó yí padà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò gbọ́dọ̀ da nǹkan kan sí ife láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ kọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Ìgbà tó bá rí i pé omi ògì ń ṣe bí ọsàn, tí omi eérú ń ṣe bí káún, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pín wọn sí ọ̀nà méjì. Ẹ̀gbọ́n wọn ni kó máa ka iye ẹ̀kán omi káún tó ń yí àwọ̀ ife kan padà. Òun ló tó gbọ́ pé ásíìdì ló wà nínú ọsàn, pé álíkálì ni káún, àti pé afẹ́fẹ́ tó hó yẹn, carbon dioxide, kò yàtọ̀ sí èyí tí à ń mí síta.

Ojú tí a fi wo ife mẹ́rin yìí náà ni ká fi wo ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ tà fún wa. Kí ni ọwọ́ ọmọ á ṣe pẹ̀lú rẹ̀? Bí ohun inú rẹ̀ bá tán, ṣé a lè rí òmíràn ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà? Páálí ìdánrawò tó ń ti òkè òkun wá máa ń dùn ún wò, àmọ́ bí ìgò kékeré mẹ́ta inú rẹ̀ bá ti gbẹ, ohun ìṣeré tó bàjẹ́ ni. Ìwé tó ń kọ́ ọmọ Àkókó bí yìnyín ṣe ń bọ́ lákòókò òtútù kò burú fún ìtàn, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lè jáde lọ wò ó. Ẹ fún un ní ìgò ike tí a gé orí rẹ̀ kúrò, tí a fi rúlà sàmì sí lára, kó máa wọn òjò tó ń rọ̀ sí àgbàlá yín.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, UNESCO ṣe ìwé kékeré kan jáde lọ́dún 1948 fún àwọn tíṣà sáyẹ́nsì ní orílẹ̀-èdè tí ogun ti ba ilé ìwé wọn jẹ́. Nígbà tó fi máa di 1956, ìwé náà ti di ìwé ńlá tó kún fún ìdánwò tí a lè fi agolo, ìgò àti okùn ṣe. Lẹ́yìn náà ni ètò African Primary Science Programme dé nílẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀kan nínú ìwé wọn dá lórí kòkòrò kékeré tó máa ń gbẹ́ kòtò ṣóńṣó sínú iyanrìn gbígbẹ lẹ́bàá ògiri, tó ń lúgọ sísàlẹ̀ de èèrà. Ìwé náà kò sọ ìdáhùn. Ó ní kí ọmọ lọ bi kòkòrò náà léèrè. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà lẹ́yìn ilé yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Èdè ńkọ́? Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́nsì pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Nítorí náà, bí ìwé bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi Yorùbá tàbí ẹ̀ka èdè ilé yín ṣàlàyé rẹ̀ láìtijú.

Àwọn ará Ọ̀kà ní ohun tí owó kò lè rà. Orí òkè àti àárín òkúta ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó bá ti gun Òkè Maria tó wà níbẹ̀ mọ̀. Òkúta tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè ní gneiss wà káàkiri, tí ilà funfun àti dúdú tẹ̀lé ara wọn lára rẹ̀. Kí àbúrò ṣa òkúta, kó yà wọ́n sọ́tọ̀ sọ́tọ̀. Kí ọmọ àárín fi ìṣó ha wọ́n: èyí tó ń dán, tó ń ṣí bí ewé ìwé, ni mica, funfun tó dà bíi gíláàsì, tí ìṣó kò lè ha, ni quartz. Ẹ̀gbọ́n ló lè gbọ́ pé ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló fa ilà yẹn, láti ohun tó ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ní kí ẹ rà fún iṣẹ́ yìí ni gíláàsì amúǹkantóbi tó dára. Maikirosíkópù ìṣeré tí wọ́n ń tà fún ọmọdé kì í sábà fi nǹkan hàn kedere, á sì sú ọmọ láàárín ọjọ́ méjì.

Fún iná mànàmáná, bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì, wáyà díẹ̀ àti iná LED kékeré láti inú tọ́ọ̀ṣì tó ti bàjẹ́ ti tó. Bátìrì méjì tí a tò tẹ̀lé ara wọn jẹ́ volt mẹ́ta, LED funfun á tàn. Ẹ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, kò ní tàn mọ́, ẹ̀gbọ́n á sì ní ìbéèrè láti lọ wádìí. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi wáyà yẹn kan iná NEPA. Òòfà ńlá roboto tó wà lẹ́yìn sípíkà àtijọ́, tí ẹ lè tọrọ lọ́wọ́ atún-rédíò-ṣe, dára ju àwọn wẹ́wẹ́ inú ohun ìṣeré lọ, nítorí bí ọmọ bá gbé òòfà wẹ́wẹ́ méjì mì, wọ́n lè fa ìfun mọ́ra kí wọ́n sì lu ú. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì burú jùyẹn lọ: láàárín wákàtí méjì ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jìnnà sí àbúrò.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìjọba. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 sọ pé òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ òun parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti kíláàsì mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama, nítorí náà ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ nílé pátápátá, kó kọ́kọ́ lọ béèrè ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Kó ra ìwé Basic Science and Technology kan tó bá ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí àjọ NERDC ṣe mu, ti kíláàsì tí ẹ̀gbọ́n wà. Kó má fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Kó máa fi yẹ ohun tí wọ́n ti ṣe wò, kó sàmì sí orí tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn. Bí ìdánwò àṣewọlé girama bá ku oṣù mẹ́ta, àwọn orí wọ̀nyẹn nìkan ni ẹ̀gbọ́n á máa kà lálẹ́, àbúrò rẹ̀ á sì máa bá òjò inú ìgò lọ.