Ọba Tó Lo 320 Ọdún Lórí Ìtẹ́

Nígbà tí mo fẹ́ ra ilẹ̀ ní Mowe, àwọn ọmọ onílẹ̀ mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá wọn. Bàbá ò tíì dárúkọ owó tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìran rẹ̀ fún mi: ọdẹ tó tẹ ibẹ̀ dó, ọmọ ọdẹ, ọmọ ọmọ rẹ̀, títí dé orí òun alára. Orúkọ méje. Mo ní, "Bàbá, ọdún mélòó ni ọdẹ yẹn lò láyé?" Ó ní igba ọdún ó lé, àti pé kò kú, ṣe ló wọlẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó jókòó tì í ń mi orí. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ìtàn ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé ní Ifo kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti bá irú ọdún bẹ́ẹ̀ pàdé níbi tó jìnnà sí Mowe.

Ní Sumer àtijọ́, ní gúúsù ilẹ̀ Ìráàkì, akọ̀wé kan mọ amọ̀ olójú mẹ́rin, ó to orúkọ àwọn ọba sára rẹ̀. Ó ti tó 3,800 ọdún báyìí, ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ashmolean ní Oxford, gíga rẹ̀ ò ju nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé láti ọ̀run ni ipò ọba ti rọ̀ sílẹ̀ sí ìlú Eridu, Alulim sì jọba níbẹ̀ fún 28,800 ọdún. Ọba mẹ́jọ ní ìlú márùn-ún pín 241,200 ọdún láàárín ara wọn. Omi wá bo gbogbo ayé. Lẹ́yìn omi, ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kubaba, obìnrin tó ń ta ọtí, jọba ní Kish fún 100 ọdún. Gilgamesh lo 126. Nígbà tó fi máa parí, ọba ń lo ọdún mẹ́sàn-án, ọdún mọ́kànlá, bíi tèèyàn.

Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín o, àwa náà ní irú rẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson jókòó ti àwọn arọ́kin ní Ọ̀yọ́, ó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ó ya Odùduwà, Ọ̀rányàn, Àjàká àti Ṣàngó sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọba inú àlọ́ àti òrìṣà. Láti orí Aganjú, ó ní ìtàn gidi bẹ̀rẹ̀. Ẹni kẹta nínú ìtàn gidi náà ni Olúaṣo, tí wọ́n ní ó lo 320 ọdún, tó sì bí 1,460 ọmọ! Ẹni tó jẹ tẹ̀ lé e ni Onígbògí; nígbà ayé rẹ̀ ni àwọn Tápà lé Ọ̀yọ́ kúrò nílé. Èrò tèmi ni pé akọ̀wé Sumer àti àwọn arọ́kin ń ṣe ohun kan náà: wọ́n kó ọdún gígùn síwájú àjálù. Omi ni tiwọn, Tápà ni tiwa. Bóyá ọba mẹ́ta mẹ́rin ló wà nínú Olúaṣo, tí orúkọ wọn ti bọ́ sọnù nígbà tí Ọ̀yọ́ ń sá, a ò lè mọ̀.

Ẹ tún wo iye náà fúnra rẹ̀. Ọgọ́ta-ọgọ́ta ni àwọn ará Sumer ń kà. Ọgọ́ta lọ́nà ọgọ́ta jẹ́ 3,600, mẹ́jọ irú rẹ̀ ni 28,800. Ogún-ogún ni àwa ń kà, ogún mẹ́rìndínlógún ni 320. Ẹni tó bá mọ ojú odù Ifá mọ ohun tí mẹ́rìndínlógún jẹ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe irọ́ pọ́nńbélé. Wọ́n kọ 900 ọdún sí orúkọ Enmebaragesi ọba Kish, àwọn ọ̀mọ̀wé sì kà á sí ẹni inú àlọ́, títí tí wọ́n fi rí orúkọ rẹ̀ lára àfọ́kù àwo òkúta. Ọdún rẹ̀ ni kò ṣeé gbà, òun alára gbé ayé.

Ìwé Johnson náà rí ogun. Èyí tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó sọnù. Ó kú ní 1901. Dókítà Obadiah, àbúrò rẹ̀, ló tún un kọ. Ní 1916 ó fi í sínú ọkọ̀ Appam, ọkọ̀ ogun Jámánì kan gba Appam lójú òkun, ó di Amẹ́ríkà. Orúkọ ọkọ̀ ogun yẹn? Möwe. (Ẹyẹ òkun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Jámánì, kò bá Mowe tiwa tan.) 1921 ni ìwé náà tó jáde.

Ohun tó wù mí jù nínú amọ̀ Sumer yẹn ni ẹni tí wọn ò kọ. Ó to àwọn ìlú tẹ̀ lé ara wọn bí ẹni pé ìlú kan ṣoṣo ló ń ní ọba lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn jọ jọba nígbà kan náà ni. Lagash, ìlú ńlá, kò sí níbẹ̀ rárá. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí mo sanwó ilẹ̀, ẹbí mìíràn dé láti ìhà Ibafo. Àwọn náà ka ìran tiwọn fún mi, orúkọ mẹ́sàn-án. Mo fara balẹ̀ gbọ́ ọ títí dé òpin. Ọdẹ bàbá wa kò sí níbẹ̀. Mo tún sanwó díẹ̀.

Ìwé ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ ọ́, lọ́yà bi bàbá pé ọdún wo ni ọdẹ yẹn dé ibẹ̀. Bàbá gbójú sókè àjà díẹ̀, ó ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ìwáṣẹ̀." Lọ́yà sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.