Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ fún Ìdílé

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà dídán gba owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yín. Toyota Matrix ti ọdún 2003 sí 2008 yẹ ìdílé: ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè, ó sì gba ẹrù. Ẹ́ńjìnì onílítà 1.8 tí ó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú Corolla ìgbà náà pẹ̀lú. Nítorí náà ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ṣòro láti rí.

Ṣùgbọ́n ẹ mú mẹkáníìkì lọ ní kùtùkùtù, nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù. Bí èéfín aláwọ̀ aró bá ń jáde, ó ń jẹ ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti dà mọ́ ọn. Ẹ padà sílé: ẹsẹ̀ rírìn sàn ju gbèsè lọ.