Macaulay: Orúkọ Skọ́tlándì, Ọmọ Ìkirun

Owó bébà náírà kan ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Òkè Gada, ní ìlú Ẹdẹ. Bàbá àgbà kan tó wá gba agbádá rẹ̀ ló tú u jáde nínú àpamọ́wọ́: bébà pupa, etí rẹ̀ ti gbó, wọ́n ti ká a sí mẹ́rin títí ojú ibi tí wọ́n ti ń ká a fi funfun. Irú èyí tí ìjọba gbé jáde ní oṣù Keje 1979 ni, tí àwòrán Herbert Macaulay pẹ̀lú túbọ̀mu ńlá wà lójú rẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ méjì tó wà nídìí ẹ̀rọ kò rí irú rẹ̀ rí. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè pé, "Bàbá, Òyìnbó wo nìyí?"

"Òyìnbó kẹ̀? Ọmọ Ìkirun ni. Bí o bá wọ mọ́tò níbí báyìí, tó o gba Òṣogbo kọjá, wàá dé ìlú bàbá rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀."

Ọ̀gá télọ̀ ní kí bàbá má bínú o, ọmọ Èkó ni Macaulay, ṣebí odindi títì ní Yàbá ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dúró de ṣòkòtò tirẹ̀, ní àwọn méjèèjì ò mọ̀ ọ́n, Sàró ni ìdílé yẹn, gómìnà Òyìnbó kan ló sì bí wọn. Báyìí ni iṣẹ́ dúró. Bùbá mi wà lábẹ́ ẹ̀rọ, apá kan ṣoṣo ni wọ́n tíì so mọ́ ọn.

Bàbá ló jàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn yòókù náà ò jìnnà sí òótọ́.

Ìtàn ẹni tó wà lójú owó náà kò ṣòro kà: Olayinka Herbert Samuel Heelas Badmus Macaulay, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1864, tó kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ní Plymouth, tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, tó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún NCNC ní 1944, tó sì papò dà ní oṣù Karùn-ún 1946. Àwọn ará Èkó ń pè é ní Ejònígboro. Ibi tó yẹ ká ti dúró díẹ̀ ni ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀.

Bàbá Herbert ni Thomas Babington Macaulay, àlùfáà ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, ẹni tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Òun ni ilé ẹ̀kọ́ girama tó kọ́kọ́ wà ní ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà. Ní abúlé Kissy, lẹ́bàá Freetown ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ni wọ́n ti bí àlùfáà yìí ní 1826. Òjó Oriare, ará Ìkirun, ni bàbá tó bí i. Kilangbe, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ni ìyá rẹ̀. Wọ́n ti ta àwọn méjèèjì sẹ́rú kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe gbogbo Yorùbá ní Akú, nítorí pé wọn kì í yé kí ara wọn: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu.

Ní 1854 ni ọmọ Òjó yìí fẹ́ Abigail, ọmọ Àjàyí Crowther tó wá di bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo ibi tó bọ́ sí. Bàbá bàbá Herbert ń jẹ́ Òjó, bàbá ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Àjàyí, àmútọ̀runwá ni méjèèjì. Òjó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá sáyé, Àjàyí dojú bolẹ̀. Orúkọ tí agbẹ̀bí fojú ara rẹ̀ rí kó tó pè é ni ayé wá fi Macaulay àti Crowther bò mọ́lẹ̀.

Níbo wá ni Macaulay ti wá? Níbí ni tíṣà àti ọ̀gá télọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn jà. Tíṣà ní gómìnà Òyìnbó ní Sàró ló fẹ́ obìnrin Yorùbá. Ọ̀gá télọ̀ ní irọ́ ni, wọ́n fi owó ra orúkọ náà ni. Ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì kan ilẹ̀ díẹ̀.

Lóòótọ́ ni gómìnà kan wà. Zachary Macaulay ni orúkọ rẹ̀, ọmọ àlùfáà, tí wọ́n bí ní Inveraray ní Skọ́tlándì ní 1768. Láti àwọn erékùṣù tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, Lewis àti Harris, ni ìdílé wọn ti ṣẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀, Aulay, ni àlùfáà Harris ní 1746, nígbà tí ọmọ ọba Charles Edward, tó ń du ìtẹ́ mọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ń sá kiri lẹ́yìn tí ogun ti ṣẹ́ ẹ, tí ìjọba sì fi 30,000 pọ́ùn sílẹ̀ fún ẹni tó bá mú un. Aulay gbìyànjú láti mú un, ọmọ ọba bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdílé tó ń gbọ́ràn sí ìjọba lẹ́nu ni wọ́n.

Zachary pé ọmọ ọdún 16 nígbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Jàmáíkà láti ṣiṣẹ́ ní oko ìrèké. Ẹrú ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ oko náà. Ó rí bí wọ́n ṣe ń nà wọ́n, ó sì kọ́kọ́ mọ́ ọn lára kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń bá òwò ẹrú jà ní Íńgíláǹdì, wọ́n sì rán an lọ sí Freetown, níbi tó ti ṣe gómìnà láti 1794 sí 1799. Ọdún tó gba iṣẹ́ yìí gan-an ni ọkọ̀ ogun Faransé dé, tí wọ́n yìnbọn sí ìlú, tí wọ́n sì kó o lẹ́rù.

Ohun tó ṣe ní 1795 ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀. Ó fẹ́ lọ sílé fún ìsinmi. Ọkọ̀ mìíràn ì bá gbé e, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó kó ẹrú lọ sí Barbados ló mọ̀ọ́mọ̀ wọ̀, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ń kọ ohun tó ń rí sílẹ̀ lójoojúmọ́, álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì ló sì fi ń kọ ọ́, kí àwọn atukọ̀ tó bá yọjú wò ó má baà mọ ohun tó wà níbẹ̀. Irú àkọsílẹ̀ báyìí wà lára ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń ja ìjà náà títí òfin fi de òwò ẹrú ní 1807.

Ṣùgbọ́n kí tíṣà wa má bínú: 1799 ni Zachary ti fi Freetown sílẹ̀ pátápátá, 1826 ni wọ́n bí ọmọ Òjó ní Kissy. Ọdún 27 kì í ṣe oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ̀jẹ̀ Skọ́tlándì kankan ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ti ọ̀gá télọ̀ ńkọ́? Nígbà yẹn, ẹgbẹ́ CMS ní ètò kan: ẹni tó bá ń san pọ́ùn 5 lọ́dún láti Íńgíláǹdì lè fi orúkọ tó bá wù ú sọ ọmọ kan tí wọ́n ń tọ́ ní Freetown. Ìdí nìyẹn tí orúkọ àwọn àlùfáà àti àwọn ọlọ́jà Lọ́ńdọ̀nù fi pọ̀ láàárín àwọn Sàró. Àjàyí fúnra rẹ̀, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fún un, Samuel Crowther.

Ní tèmi, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà súnmọ́ ilé ju ìyẹn lọ. Kenneth Macaulay, ìbátan Zachary, ni ọlọ́jà ńlá ní Freetown nígbà náà. Macaulay & Babington ni ilé iṣẹ́ wọn ń jẹ́, nítorí pé arábìnrin Zachary fẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thomas Babington, ọmọ wọn ni Zachary sì mú ṣe alájọṣe. Lórúkọ àna yìí kan náà ni Zachary fi sọ àkọ́bí rẹ̀ ní 1800. Ní 1826 tí ọmọ Òjó délé ayé, Kenneth yìí ló ń dele gómìnà ní Freetown. Ẹni tó bá ń gbé Kissy lọ́dún náà, tó bá ra aṣọ, tó bá ra iyọ̀, tó bá ní ẹjọ́ níwájú ìjọba, Macaulay àti Babington ni yóò máa gbọ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ọmọ tí wọ́n sọ ní orúkọ yìí, orúkọ alágbára ìlú ni wọ́n fún un, bí a ṣe ń fún ọmọ ní orúkọ ọba tó wà lórí ìtẹ́.

Àkọ́bí Zachary, Thomas Babington Macaulay ti Íńgíláǹdì, di òǹkọ̀tàn olókìkí. Ní 1835 ló kọ ìwé ní Íńdíà pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ará ibẹ̀. Òun náà ló darí kíkọ òfin ìwà ọ̀daràn Íńdíà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1860, tí Sudan yá lò, tí Àríwá Nàìjíríà sì yá lọ́wọ́ Sudan nígbà tí òmìnira ku díẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́jọ́ olè ní Kánò, ọwọ́ Macaulay wà níbẹ̀. Ọdún 1859 tí òǹkọ̀tàn yìí kú ni ẹni tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ girama ní Èkó.

T. B. Macaulay kẹta tún wà, Thomas Bassett, ọlọ́rọ̀ ará Kánádà tí ìran rẹ̀ wá láti Lewis. Òun ló fowó sílẹ̀ ní 1930 láti dá ilé ìwádìí nípa ilẹ̀ oko sílẹ̀ ní Aberdeen. Etíkun kan wà lẹ́bàá Victoria, ní Kánádà yẹn kan náà, tó ń jẹ́ Macaulay Point. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, eléré sinimá Macaulay Culkin ni wọ́n mọ̀. Orúkọ òǹkọ̀tàn yẹn ni bàbá rẹ̀ fi sọ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, títì ńlá kan wà ní Yàbá, òmíràn wà ní Abújá. Kí n má gbàgbé pé Macaulay nìkan kọ́ ni orúkọ Skọ́tlándì tó wà ní ìgboro Èkó: gómìnà MacGregor, dókítà tó gbógun ti ibà láàárín 1899 sí 1904, ló fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún odò tí wọ́n gbẹ́ láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí.

Ní Ẹdẹ níbí, àwọn àgbà kan máa ń sọ pé Herbert Macaulay ló wọn ilẹ̀ tí rélùwéè gbà kọjá. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n 1898 ló ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ojú irin kò sì dé Òṣogbo títí di 1907. Ohun tó ṣe sí rélùwéè ni pé ó tú àṣírí bí àwọn Òyìnbó ṣe ń ná owó rẹ̀ ní 1908. Bóyá ibẹ̀ ni ìtàn náà ti yí padà lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ìdílé kò tíì pẹ́ láàárín wa. Ìgbà tí ọmọ wọ ilé ìwé ni tíṣà bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀. Mo mọ agbo ilé kan ní Ẹdẹ tí ọmọ bàbá kan náà ti ń jẹ́ orúkọ ìdílé mẹ́ta: ẹni tí bàbá mú lọ ń jẹ́ orúkọ bàbá, ẹni tí ẹ̀gbọ́n mú lọ ń jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n, ẹni tó lọ sí kéú kó tó lọ sí ilé ìwé ń jẹ́ ti Lárúbáwá. Ìyẹn ṣì ní àwíjàre. Èyí tí kò yé mi ni ti àwọn tó ń lọ búra ní kóòtù báyìí láti yọ Ifá tàbí Ògún kúrò nínú orúkọ bàbá wọn, tí wọ́n á sọ Ifábùnmi di Olúbùnmi, tí wọ́n á tún gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi mú Òjó kúrò ní Ìkirun. Kò sẹ́ni tó de àwọn wọ̀nyí.

Herbert pàápàá kò bọ́ orúkọ Skọ́tlándì náà sílẹ̀, síbẹ̀ ó fi Ọláyínká ṣáájú rẹ̀, ó fi Badmus sí àárín, orúkọ tí ọ̀pọ̀ ilé mùsùlùmí ní Ẹdẹ ń jẹ́ títí dòní. Nígbà tí òun náà sì bí ọmọkùnrin, Ògèdèngbé ló sọ ọ́, orúkọ balógun Ìjẹ̀ṣà tó jà ní ogun Kírìjì. Àwọn kan ní nítorí akọni yẹn ni. Bàbá inú ṣọ́ọ̀bù ní rárá o, ilé ló ń fà á. Ogedengbe Macaulay yìí ṣe iṣẹ́ akọ̀ròyìn bíi ti bàbá rẹ̀, ó sì dara pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Zikist láti jà fún òmìnira.