Àwọn Tó Ń Wọn Òkun

Ní Victoria Island l'Ékòó, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ máa ń gba ìtòsí rẹ̀ kọjá láì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. NIOMR lorúkọ tí wọ́n ń pè é, ibùdó ìwádìí òkun àti ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ ni. 1975 ni ìjọba dá a sílẹ̀, láti ara ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí ẹja tẹ́lẹ̀. Ìtòsí etíkun Bar Beach ni wọ́n kọ́ ọ sí, bẹ́ẹ̀ Bar Beach gan-an ló sì lè sọ fún wa ìdí tí a fi nílò irú ilé-iṣẹ́ yìí.

Láyé àtijọ́, òkìtì iyanrìn tó wà lẹ́nu omi ọ̀sà Èkó kì í jẹ́ kí ọkọ̀ òkun ńlá ráyè wọlé. Nígbà tó di nǹkan bí 1908 sí 1912, ìjọba òyìnbó to òkúta ràbàtà wọ inú òkun lọ́tùn-ún lósì ẹnu omi náà. Ọkọ̀ ráyè wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ni omi etíkun wa ń ṣàn, iyanrìn ló sì ń rù lọ lójoojúmọ́. Òkúta wọ̀nyí dá iyanrìn náà dúró. Ìhà Lighthouse Beach ní ìwọ̀-oòrùn ń fẹ̀ sí i, Victoria Island tó wà ní ìlà-oòrùn kò rí nǹkan gbà mọ́, ni òkun bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Nǹkan bí 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn sí Bar Beach tó wà létí rẹ̀, tí òkun ń kó o lọ, tí wọ́n tún ń da òmíràn. Kútọnu kọ́ èbúté tirẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń gbé ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀. Lónìí, ìlú tuntun Eko Atlantic àti ògiri òkúta rẹ̀ ló wà níbi tí Bar Beach wà, àwọn ará Òkun Alfa ní ọ̀nà Lẹ́kì sì ń ké pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ìgbì kọjú sí báyìí.

Èmi ò sọ pé kí wọ́n má kọ́ èbúté. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi òkúta dí omi lọ́nà, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ibi tí omi náà ń lọ.

Iṣẹ́ NIOMR nìyẹn. A. C. Ibe tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kọ ìwé kan ní 1988 lórí bí òkun ṣe ń jẹ etí ilẹ̀ Nàìjíríà. Etíkun wa gùn tó kìlómítà 853, kò sì rí bákan náà. Láti Àgbádárìgì lọ sí ìhà Lẹ́kì, iyanrìn ni, ọ̀sà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, ní agbègbè Máhìn, ẹrọ̀fọ̀ ni. Ibẹ̀ ni Ayétòrò wà, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí òkun ti gba ilé àti ọ̀nà lọ́wọ́ wọn títí wọ́n fi ń sún sẹ́yìn lọ́dọọdún. Òkúta tí a bá tò sórí ẹrọ̀fọ̀ lè rì, ohun tó gba Victoria Island là lè má gba Ayétòrò là. Agbaṣẹ́ṣe tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí, owó ìlú ló ń rì.

Iṣẹ́ wíwọn omi kì í yá. Ẹ̀rọ kan máa ń wà létí omi tó ń kọ gíga omi sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, bó ti ń kún àti bó ti ń fà. Òṣùpá ló ń fa kíkún àti fífà yìí jù, àyípadà inú ìrìn rẹ̀ sì ń gba ọdún 18 àti ààbọ̀ àti díẹ̀ kó tó yí po. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé òkun ti ga sí i lóòótọ́ nílò àkọsílẹ̀ nǹkan bí ogún ọdún tí kò já láàárín. Tí iná bá lọ fún oṣù mẹ́fà, tàbí tí owó batiri kò jáde, ihò ti wà nínú àkọsílẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè padà lọ wọn omi àná.

Èyí tó wù mí jù nínú iṣẹ́ wọn ni ti ẹja apò. Ẹni tó bá ti jẹ orí apò mọ òkúta funfun kéékèèké méjì tó máa ń wà nínú rẹ̀, tí a máa ń tu dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ọjọ́ orí ẹja wà nínú òkúta yẹn. Ní àwọn ọdún 1960, kí wọ́n tó dá NIOMR sílẹ̀, onímọ̀ ẹja kan, Bayagbona, lò ó fún apò omi Èkó. Wọ́n á ṣẹ́ òkúta náà sí méjì, wọ́n á fi iná rà á díẹ̀, ìlà-ìlà inú rẹ̀ á sì dúdú débi tí ojú fi lè kà á. Tí a bá ti mọ ọjọ́ orí ẹja tó wà nínú àwọ̀n, a ti mọ̀ bóyá àwọn àgbà ẹja ṣì kù lómi, tàbí bóyá ọmọdé tí kò tíì yé ẹyin la ń kó. Orúkọ Bayagbona ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ ìwádìí ilé-iṣẹ́ náà.

Òfin ẹja òkun ti 1992 ní kí ọkọ̀ ìpẹja ńlá má ṣe wọ máìlì òkun 5 tó sún mọ́ ilẹ̀, kí àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré lè rí tiwọn pa. Àwọn apẹja ṣì ń ráhùn pé àwọn ọkọ̀ náà ń wọlé lóru, tí wọ́n ń fa àwọ̀n àwọn ya. Ìṣirò ni ìwádìí lè fún ìjọba, kò lè bá wọn ṣọ́ omi.

Ní 2023 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ òkun sílẹ̀, ọ̀rọ̀ owó inú òkun sì gba gbogbo ẹnu. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí òkun ti jẹ ní Ayétòrò, ní Òkun Alfa àti ní Àgbádárìgì, ó yẹ kí ó wà lára ògiri gbogbo ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ etíkun, kí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ lè kà á kó tó san kọ́bọ̀. Ìwọ tí wọ́n ń pè wá ra pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ létí òkun, béèrè ìṣirò yẹn lọ́wọ́ wọn.