Orí Fífọ́ Tí Kò Lọ: Ọ̀rọ̀ Kókó Inú Ọpọlọ

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, bí obìnrin bá ń jí lówùúrọ̀ pẹ̀lú orí fífọ́, tí ó sì ń bì, ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rò ni pé oyún ti dé. Bí kò bá sí oyún, wọn yóò ní ibà ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n kókó tí í hù nínú ọpọlọ a máa gba ọ̀nà kan náà wọlé. Kò wọ́pọ̀, kì í sì í ràn; síbẹ̀ ó yẹ kí abiyamọ mọ ìṣe rẹ̀, nítorí ojú yín ni í kọ́kọ́ rí ohun tí ó bá yí padà lára ọmọ àti ọkọ.

Kì í ṣe gbogbo kókó ọpọlọ ni jẹjẹrẹ. Àwọn mìíràn ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, oníṣẹ́ abẹ a sì yọ wọ́n pátápátá. Ọ̀kan nínú èyí tí ó burú jù lọ ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní glioblastoma. Kí ni ó fà á tí ó fi ń yára tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn kan wà nínú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí à ń mí sínú.

Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara, ọpọlọ kò ju nǹkan bí 2 lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ọ́síjìn tí ara ń lò, nǹkan bí 20 ni ó ń gbà. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé e lọ bá a. Ẹ̀yin ará Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù mọ ìsédò Èkó-Èǹdé lórí odò Ọ̀tìn, tí a ṣe kí omi ẹ̀rọ lè dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ sì mọ ohun tí í ṣẹlẹ̀ bí ilé bá pọ̀ ju agbára ọ̀pá omi lọ: àwọn tí omi kò dé ọ̀dọ̀ wọn a pe agbẹ́kànga, àwọn mìíràn a kó ẹrù lọ sí ibi tí omi wà. Ohun tí kókó yìí ń ṣe gan-an nìyẹn. Ó ń yára dàgbà ju iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó ń bọ́ ọ lọ, ọ́síjìn a sì wọ́n ní àárín rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ a kú. Nínú àwọn tí ó kù, èròjà kan wà tí a ń pè ní HIF-1. Bí ọ́síjìn bá tó, kíá ni ara ń ba èròjà yìí jẹ́. Bí ọ́síjìn bá wọ́n, èròjà náà yóò dúró, yóò sì di aláṣẹ. Òun ni ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì rán èròjà mìíràn, VEGF, jáde láti pe iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun wá. Òun náà ni ó ń ti àwọn sẹ́ẹ̀lì kan láti ṣí wọ inú ọpọlọ tí ó ṣì dára. Àwọn iṣan tuntun yìí kò lágbára, wọ́n ń jò, ọpọlọ a sì wú nínú agbárí tí kò lè fẹ̀. Ibẹ̀ ni orí fífọ́ àti èébì ti ń wá. Èyí tí ó tún burú ni pé ìtànṣán tí a fi ń pa jẹjẹrẹ kì í lágbára tó lórí sẹ́ẹ̀lì tí kò rí ọ́síjìn.

Gregg Semenza, ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣàwárí HIF-1. Òun, William Kaelin àti Peter Ratcliffe sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019. Oògùn bevacizumab, tí ó ń dí VEGF lọ́wọ́, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009 fún glioblastoma tí ó padà wá lẹ́yìn ìtọ́jú. Ó lè mú wíwú ọpọlọ rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá méjì tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé kò fi kún ọjọ́ ayé àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àìsàn náà lára wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó mú yín ta ilẹ̀ bàbá yín nítorí oògùn kan ṣoṣo, ẹ bi dókítà léèrè ohun tí oògùn náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán àti oògùn temozolomide ni ìtọ́jú tí a mọ̀ jù.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH, Ìbàdàn.

Ẹ kíyè sí orí fífọ́ tí ó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, tí ó ń jí ènìyàn lójú oorun. Gìrì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú àgbàlagbà. Ojú tí ń ṣe bàìbàì. Apá tàbí ẹsẹ̀ kan tí ó ń rọ. Ìwà tí ó ṣàdédé yí padà. Ọmọ tí ó ń bì láàárọ̀, tí ó sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ó bá ń rìn. Bí aboyún bá ní orí fífọ́ tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì, ẹ̀jẹ̀ ríru lè ni. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí gìrì bá mú ẹnikẹ́ni, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì fún un ní ìtọ̀ màlúù. Bí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ mú ẹni tí gìrì náà ṣojú rẹ̀ dání, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti àkókò tí orí fífọ́ náà ń dé sínú ìwé.